Ará ìjọ tí ìsoríkọ́ mú: kí la máa ṣe, kí la ò gbọdọ̀ ṣe?

Akọ̀wé_Ìbẹ̀wò

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Ìgbìmọ̀ ìbẹ̀wò ìjọ wa fẹ́ kọ ìlànà tí a ó máa tẹ̀ lé bí ìsoríkọ́ bá mú ẹnì kan nínú agbo. Mi ò sọ ti ìbànújẹ́ tó dé lónìí tó lọ lọ́la o. Ẹni tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́ ni mò ń sọ, tí oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, tó ti pa ẹgbẹ́ akọrin tì, tó jẹ́ pé bó bá ṣí Bíbélì, ojú ìwé kan náà ni yóò tẹjú mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ohun mẹ́ta là ń ṣe tẹ́lẹ̀: ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta, ìṣọ́-òru, òróró. Bí kò bá gbọ́, a ó tún un ṣe. Apá kan nínú ìgbìmọ̀ ní ká fi kún un, apá kejì ní ká dín in kù. Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti kọjá ìrẹ̀wẹ̀sì lásán? Irú àdúrà wo ló yẹ, báwo ló sì ṣe yẹ kó gùn tó? Oògùn ńkọ́, ṣé kò ta ko ìgbàgbọ́? A ò fẹ́ ìwàásù. Ohun tí a lè lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì la ń wá.

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Màá dáhùn ìkíní àti ìkẹta, kí àwọn bàbá nínú Olúwa mú èyí tó kù.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Bí ọkàn ẹnì kan bá wúwo, tàbí tí ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn kò dùn mọ́ ọn mọ́, ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọjọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ, ẹ má sì pè é ní apẹ̀yìndà. Ìbéèrè mẹ́sàn-án kan wà tí àwọn oníṣègùn ń lò, PHQ-9 ni wọ́n ń pè é. Ó ń béèrè nípa ìfẹ́ sí nǹkan, ìbànújẹ́, oorun, àárẹ̀, oúnjẹ, dídá ara ẹni lẹ́bi, àìlèpọkànpọ̀, fífà bí ìgbín tàbí kí ara má balẹ̀ lójú kan, àti èrò ikú. 0 ni "rárá", 1 ni "ọjọ́ bíi mélòó kan", 2 ni "ó ju ìdajì àwọn ọjọ́ náà lọ", 3 ni "ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́". Ẹ ró gbogbo rẹ̀ pọ̀. 5 sí 9 ṣì fúyẹ́. Bó bá ti dé 10, ó yẹ kí dókítà rí i. Bó bá dé 20, ẹ má dúró de ọjọ́ Ìsinmi. Ìbéèrè kẹsàn-án, tó dá lórí ikú, ò bá àwọn yòókù lọ: bó bá mú 1 péré níbẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ bá a jókòó, kódà kí àpapọ̀ má ju 6 lọ.

Ibi tí a ti máa ń ṣìnà nílẹ̀ Yorùbá ni pé aláìsàn kì í sábà sọ pé "inú mi bàjẹ́". Orí òun ló ń gbóná, nǹkan ló ń rìn lórí òun bí èèrà, àyà òun ló ń já. Àwọn àgbà á ní ọdẹ orí ni, kẹ́míìsì á fún un ní oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní lọ. Ẹ béèrè oorun rẹ̀. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́ta òru tí kò lè sùn mọ́, tí àárọ̀ rẹ̀ wúwo ju ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ fura sí i. (Nínú ìjọ, wọ́n á ní Ọlọ́run ló ń jí i dìde fún àdúrà, wọ́n á wá fi agogo kún un.)

Kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú. Àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsàn thyroid tó wà ní ọrùn lè fara jọ ìsoríkọ́ gan-an. Ìyá ọlọ́mọ tuntun lè máa sunkún ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, àmọ́ bó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìbímọ tí kò dáwọ́ dúró, kì í ṣe ọ̀rọ̀ "ó máa lọ" mọ́.

Ó ku oògùn. Kò rí bíi paracetamol. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ìyípadà tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ó sì lè tó mẹ́fà sí mẹ́jọ kí agbára rẹ̀ tó pé. Àmọ́ inú rírú, orí fífọ́ àti àìbalẹ̀ ara, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni tiwọn. Ẹ ò rí i pé wàhálà rẹ̀ ló ń ṣáájú oore rẹ̀? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń dà á nù. Bí wọ́n bá sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀, yóò fara dà á. Fluoxetine, tí wọ́n sábà máa ń fi 20 mg bẹ̀rẹ̀, àárọ̀ ni wọ́n ń lò ó, torí ó lè lé oorun lọ. Amitriptyline, alẹ́ ni, torí ó ń kunni lóorun, ó sì ń gbẹni lẹ́nu. Dókítà ni kó kọ ọ́ o. Bí èèyàn bá lo amitriptyline jù, ó léwu gidigidi, nítorí náà kí ẹlòmíì nínú ilé gbé e pamọ́, kó máa fún un ní ti ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 25, kí ẹ ṣọ́ wọn lójú méjèèjì ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, torí èrò ikú lè kọ́kọ́ pọ̀ sí i kó tó rọlẹ̀. Párága àti ọtí, kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Bí ara bá ti yá, ó kéré tán oṣù mẹ́fà sí i ni wọ́n á ní kó ṣì máa lò ó, díẹ̀díẹ̀ sì ni wọ́n ń dá a dúró.

Ohun kan ṣoṣo wà tí ìjọ sábà máa ń mọ̀ tí dókítà ò ní mọ̀. Ṣé ìgbà kan wà rí tí ẹni yìí lo ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún láìfẹ́rẹ̀ẹ́ sùn, síbẹ̀ tí agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tó ń sọ̀rọ̀ bí omi tó ya, tó ń fi owó àti ẹrù ta ará ìjọ lọ́rẹ? Ìsọjí la máa ń pe èyí. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Bó bá wà nínú ìtàn rẹ̀, oògùn ìsoríkọ́ nìkan lè ti í padà sínú ìyẹn. Oògùn mìíràn ni yóò nílò.

Ní ti ìgbàgbọ́: Pọ́ọ̀lù tó ń gbé ọwọ́ lé aláìsàn tí wọ́n ń sàn, òun náà ló ní kí Tímótì lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀. 1 Tímótì 5:23.

Ajíhìnrere_Abúlé

Nọ́ọ̀sì ti ṣí ilẹ̀kùn. Ìlànà àdúrà yín wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19, ẹ kàn tẹ̀ lé e bó ṣe tò ó ni.

Èlíjà rin ìrìn ọjọ́ kan wọ aginjù, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ó sùn. Áńgẹ́lì tó wá kò wàásù. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kó dìde jẹun: àkàrà lórí ẹyin iná àti orù omi. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún sùn padà, kò sì sẹ́ni tó bá a wí. Áńgẹ́lì dé lẹ́ẹ̀kejì, oúnjẹ náà ló tún gbé wá. Ẹ̀yìn oorun ẹ̀ẹ̀mejì àti oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì ló tó rin ogójì ọjọ́ lọ sí Hórébù. Níbẹ̀, Ọlọ́run bi í léèrè, ó sì rojọ́. Ẹ wo ẹsẹ 10 àti 14: ẹjọ́ kan náà ló rò lẹ́ẹ̀mejì, Ọlọ́run ò ní "o ti sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀". Ìgbà tó rojọ́ tán ló tó gba iṣẹ́, tó gba Èlíṣà gẹ́gẹ́ bí ẹnìkejì, tó sì gbọ́ pé ẹgbẹ̀rún méje ṣì wà tí kò kúnlẹ̀ fún Báálì.

Oorun, oúnjẹ, ìfọwọ́kàn, ìrìn, ẹjọ́ rírò, iṣẹ́, ẹnìkejì. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ń fi ogójì ọjọ́ bẹ̀rẹ̀, a sì ń gbé àkàrà kúrò níwájú ẹni tí kò rí ọ̀kan jẹ.

Nítorí náà ẹ yọ ààwẹ̀ kúrò lọ́rùn aláìsàn. Ẹni tó bá fẹ́ gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀, kí òun gbà á. Ìṣọ́-òru náà, ẹ yọ ọ́. Oorun ni àìsàn yìí kọ́kọ́ ń jà lólè. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ní àárọ̀, márùn-ún ní alẹ́, kó jókòó sórí àga, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì. Àdúrà Olúwa, kó sọ ọ́ síta, lẹ́yìn náà sáàmù kúkúrú kan. Bí kò bá lè kà, kí ẹlòmíì kà á sí i létí. Àdúrà tí a ti kọ sílẹ̀ ló dára jù fún un ní àsìkò yìí, torí ọpọlọ tó rẹ̀ kò lè máa wá ọ̀rọ̀. Kó má fi bó ṣe rí lára rẹ̀ wọn àdúrà náà. Àìsàn ti pa ibi tí ìdùnnú ti ń wá, kò ní "gbóná" bíi ti tẹ́lẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe àmì pé Ọlọ́run ti kọ̀ ọ́.

Sáàmù wo? Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí 150 o. 13, 42, 88, 130. Sáàmù 88 parí sínú òkùnkùn, kò sí hallelúyà kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ó wà nínú Bíbélì. Ẹ lo 13 bíi ẹ̀rọ ìtẹ̀ búlọ́ọ̀kù, ẹsẹ mẹ́fà péré ni: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀sùn, méjì tó tẹ̀ lé e jẹ́ ẹ̀bẹ̀, méjì tó kẹ́yìn jẹ́ ìgbẹ́kẹ̀lé. Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀, gbólóhùn mẹ́rin kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, báyìí:

"Olúwa, oṣù kan rèé tí mi ò sùn dé ilẹ̀ mọ́. Ó ń ṣe mí bíi pé o ti dijú sí mi. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n sùn dé aago márùn-ún lóru òní. O ti gbọ́ mi rí, màá dúró."

Ẹ kíyè sí i pé aago márùn-ún ló béèrè. Kò tọrọ ìwòsàn gbogbo ayé. Ẹ̀bẹ̀ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ni èèyàn lè mọ̀ bó bá gbà.

Òróró, ẹ má yọ ọ́. Jákọ́bù 5:14 ní kí aláìsàn pe àwọn àgbà ìjọ, ẹ̀yin lẹ máa lọ bá a. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohùn jẹ́jẹ́, kò sí títì, kò sí gbígbá, kò sí pé ẹ ń wádìí ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe.

Yóò sọ fún yín pé òun ti dẹ́ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì. Ẹ má bá a jiyàn ẹsẹ Bíbélì, kò ní tán, yóò sì borí yín. Ara àìsàn náà ni. Òun ni ìbéèrè kẹfà tí Nọ́ọ̀sì kà sílẹ̀ lókè. Bí ẹ̀ṣẹ̀ gidi bá wà, kó jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níwájú pásítọ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé. Bó bá tún gbé e dé lọ́la, ẹ ṣí ìwé náà, ẹ fi ọjọ́ hàn án, kí ẹ ka 1 Jòhánù 3:20. Ó tán.

Ẹni tó bá ń sọ pé onígbàgbọ́ tòótọ́ kì í sorí kọ́, kó bi ara rẹ̀ ta ló kọ orin "Ọ̀nà àrà l'Ọlọ́run wa" tí à ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. William Cowper ni, ní 1773. Ọdún náà gan-an ni àìsàn yìí padà dé sí i, tó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. John Newton tó jẹ́ àlùfáà wọn ní ìlú Olney nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílé ju ọdún kan lọ. Kò bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá títí ó fi kú ní 1800, ṣùgbọ́n ó gbé ilé ayé, ó ṣọ́gbà, ó sin ehoro mẹ́ta, ó sì kọ̀wé.

Jagun_Àdúrà

Ẹ kú àlàyé, àmọ́ ẹ ti sọ gbogbo ẹ̀ di ọ̀rọ̀ ọsibítù. Ẹ̀mí burúkú ló wọ Sọ́ọ̀lù lára, Bíbélì ló sọ ọ́. Ẹ̀mí kì í gbọ́ oògùn.

Ajíhìnrere_Abúlé

Arákùnrin mi, ẹ jẹ́ ká gbà pé ti Sọ́ọ̀lù ni. Kí ni wọ́n ṣe fún un? Ẹ ka 1 Sámúẹ́lì 16:23. Wọ́n wá ẹni tó mọ háàpù ta, ó ń ta á fún un, ara Sọ́ọ̀lù á sì fúyẹ́. Ìgbàkígbà tó bá tún dé, wọ́n á tún ta á. Kò sẹ́ni tó fi ẹ̀wọ̀n dè é, kò sẹ́ni tó fi ìgbálẹ̀ nà án, wọn ò sì pa á lébi. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ti Sọ́ọ̀lù, ẹ ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é. Ẹ bá a kọrin tó mọ̀, méjì, mẹ́ta, ní ohùn kẹ́lẹ́. Kò dí oògùn lọ́wọ́.

Ìyá_Wẹ́fíà

Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ ti yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìbẹ̀wò, torí ibẹ̀ la ti ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹni méjì, àwọn kan náà nígbà gbogbo. Ẹgbẹ́ obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í lọ kí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí irun òun. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọjọ́ kan náà, aago kan náà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má béèrè pé "kí la lè ṣe fún yín?" Yóò ní kò sí. Ẹ gbé e wá: ògì gbígbóná pẹ̀lú mílíìkì, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tó ní ẹyin nínú, àsáró tó rọ̀. Àwo kékeré ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Àwo ńlá ń dẹ́rù bà á, yóò sì yí i padà. Kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ̀yin náà jẹ. Ẹ má sọ pé àwọn tó burú jù ú lọ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ má sọ pé "jẹ́wọ́ ìwòsàn ẹ, má sọ pé ó rẹ̀ ẹ́". Ẹni tí kò bá lè sọ pé ó rẹ òun, kò ní lè sọ pé ikú ń wu òun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ mú bébà kan, ẹ fa ìlà ọjọ́ méje sí i. Ohun mẹ́ta lóòjọ́: ọ̀kan fún ara, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ènìyàn. Ẹgbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó kọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí láti 0 dé 10, ṣáájú àti lẹ́yìn. Ó máa rí báyìí: "Ọjọ́ Ajé. Wíwẹ̀: 1, 3. Fọ abọ́ méjì: 2, 2. Pe àbúrò, ìṣẹ́jú mẹ́ta: 1, 4." Òun fúnra rẹ̀ á rí i lórí bébà pé pípe àbúrò ṣiṣẹ́ ju abọ́ fífọ̀ lọ. Ó máa ní òun ń dúró kó kọ́kọ́ wu òun ṣe. Kò ní wù ú. Nínú àìsàn yìí, ṣíṣe ló ń ṣáájú wíwù. Bí kò bá lè ṣe é, iṣẹ́ náà ló tóbi jù, ẹ gé e sí méjì: bí wíwẹ̀ bá ṣòro, ojú àti ẹsẹ̀ nìkan, bí ìyẹn bá ṣòro, kó ṣí fèrèsé.

Ìrìn: ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní bíi aago méje àárọ̀, nínú oòrùn, kí ẹnì kan bá a rìn. Ẹ fi márùn-ún kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi di ọgbọ̀n. Kó máa jí ní aago kan náà lójoojúmọ́, àní bí kò bá tiẹ̀ sùn dáadáa. Oorun ọ̀sán kò gbọdọ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ alẹ́ á dòfo.

Kò gbọdọ̀ jẹ́ ìyàwó tàbí ọkọ nìkan ló ń ru ẹrù náà. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo ń ṣètò ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta láàárín àwọn ọdún 1950, ó ní kí mọ̀lẹ́bí bá aláìsàn wá, kí wọ́n jọ máa gbé ní abúlé ẹ̀gbẹ́ ọsibítù. Ó dára, ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí náà ń rẹ̀. Kí ìjọ gba ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí òun náà lọ sùn.

Akọ̀wé_Ìbẹ̀wò

Olúwa á bùkún yín, mo ti ń dà á kọ. Ìbéèrè méjì ló kù. Bó bá sọ pé òun fẹ́ kú, tó sì ní ká búra pé a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni ńkọ́? Àwọn kan sì ní ká má ṣe dárúkọ ikú níwájú rẹ̀ rárá, kó má lọ fi sọ́kàn.

Nọ́ọ̀sì_Wọ́ọ̀dù

Bíbéèrè kì í fi í sọ́kàn rẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀, ẹ kàn ń tú ẹrù náà ni. Ẹ bi í gbangba: "Ṣé ó ń ṣe ọ́ bíi kí o má jí mọ́? Ṣé o ti ń ro pé kí o gba ẹ̀mí ara rẹ? Ṣé o ti pinnu bó o ṣe máa ṣe é àti ìgbà tó o máa ṣe é?" Bí ìdáhùn sí ìkẹta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọsibítù ló kàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, títí kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ kó apakòkòrò àti gbogbo oògùn inú ilé lọ sílé ẹlòmíì. Kì í ṣe kí ẹ fi pamọ́ sókè kọ́bọ́ọ̀dù o, kí ẹ kó o jáde. Èrò náà sábà máa ń ru sókè fún ìwọ̀n àkókò díẹ̀ kó tó rọlẹ̀, àìrí nǹkan náà nítòsí sì ń gba ẹ̀mí là.

Ẹ má búra. Ẹ ní: "Mi ò ní pariwo rẹ, àmọ́ mi ò ní dá nìkan gbé e." Ẹ má sì fi ọ̀run àpáàdì dẹ́rù bà á. Ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ibẹ̀ ni òun ń lọ. Ẹnu ló máa pa mọ́, kò ní jáwọ́.

Bó bá ti gbé nǹkan mì, ẹ má rọ ọ́ ní epo pupa tàbí mílíìkì, ẹ má sì mú un bì, torí ó lè gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ pẹ̀lú ìgò tàbí páálí ohun tó mu, kí dókítà lè mọ̀ ọ́n. Ọsibítù tó sún mọ́ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ lè wá ronú Aro, Yábà tàbí ẹ̀ka ọpọlọ ní UCH Ìbàdàn. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí bébà ògiri yín.

Akọ̀wé_Ìbẹ̀wò

Ó ti wà níbẹ̀. Nígbà wo ló lè padà sí ẹgbẹ́ akọrin? Ṣé ká fún un láyè ìjẹ́rìí nígbà ìdúpẹ́?

Ìyá_Wẹ́fíà

Ẹgbẹ́ akọrin, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kó wá jókòó níbi ìdánrawò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, láìkọrin bí kò bá wù ú. Lẹ́yìn náà kó dúró sáàárín àwọn elégbè. Lílé orin kẹ́yìn pátápátá. Ẹ má sì ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíì kí ẹ tó bi í.

Ìjẹ́rìí kọ́, ẹ sinmi. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, karùn-ún, oògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ni, ojú rẹ̀ ti là, gbogbo èèyàn á fẹ́ kó gba máíkì. Bó bá ti sọ ọ́ níwájú ìjọ pé òun ti bọ́, ojú á tì í láti tún gbé oògùn mì, yóò jù ú, àìsàn náà á padà, kò sì ní lè sọ fún yín torí ẹ ti pàtẹ́wọ́. Bó bá parí oṣù mẹ́fà tí Nọ́ọ̀sì sọ, tí dókítà ti dá oògùn dúró fún un, ẹ wá bi í ní kọ̀rọ̀ bóyá ó wù ú.